Àwọ̀n tàbí Ìtàkùn? Ọ̀rọ̀ fún Ìsopọ̀ Àwọn Ibùdó Tẹlifóònù Alágbèéká

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni òpó onírin rẹ̀ ti di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so òpó kan mọ́ èkejì kò hàn sí ojú, orúkọ rẹ̀ kò sì rọrùn láti fi lélẹ̀. Ìtàkùn àti àwọ̀n ni ọ̀rọ̀ méjì tí ó súnmọ́ ọn jù. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ mu yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ibùdó kọ̀ọ̀kan a máa gba ohùn láti inú tẹlifóònù tí ó wà ní àyíká rẹ̀, a sì máa ta á látagbà títí yóò fi dé ilé ìdarí. Nítorí náà, ‘ibùdó àtagbà’ bá a mu. Níbi tí kò sí okùn, ìgbì rédíò kúkúrú ni ó ń ru ohùn náà, ó sì ń fẹ́ ojú ọ̀nà tí ohunkóhun kò dí. Ní Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ gbà pé láti inú òkìtì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, òkè lè dí i. Òjò ńlá pẹ̀lú a máa dín agbára ìgbì tí ó ju gígáhẹ́ẹ̀sì 10 lọ kù.

Ká ní ibùdó wà ní Adó, Ìyìn àti Ìgèdè, tí ohùn láti Ìgèdè ń gba Ìyìn kọjá sí Adó. Ẹ̀wọ̀n ni èyí. Bí ti Ìyìn bá kú, Ìgèdè ti ya sọ́tọ̀, bí ẹ̀rọ tirẹ̀ tilẹ̀ pé. Bí ibùdó kẹrin bá wà ní Ìfàkì, tí ó ń rí Ìgèdè àti Adó, ohùn yóò yà gba ibẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìtàkùn ní orísun kan. Bí a bá gé e nídìí, gbogbo ewé rẹ̀ ni yóò rọ. Ó yẹ ìsopọ̀ tí ó pẹ̀ka láti ojú kan. Ní ti àwọ̀n, kókó kọ̀ọ̀kan so mọ́ kókó púpọ̀. Bí ọ̀kan já, ìyókù ṣì dúró. Àwọ̀n ni ó tọ́ níhìn-ín.

Ẹnìkan lè pè é ní ‘àwọ̀n aláìlókùn’, ṣùgbọ́n okùn ni a fi ń hun àwọ̀n. ‘Àwọ̀n orí afẹ́fẹ́’ kò tọ́ pẹ̀lú, nítorí ìgbì rédíò kò nílò afẹ́fẹ́ kí ó tó rìn. Ìgbì ni ó dípò okùn; nítorí náà, ‘àwọ̀n ìgbì’ ni ó péye jù.

Kí olùkọ́ má ṣàì fi kún un pé kókó kọ̀ọ̀kan tí ohùn bá là kọjá ń fi ìdádúró díẹ̀ kún ìrìn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ kókó kan ṣoṣo ni ó já sí ilé ìdarí, àwọ̀n náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu ìtàkùn.

Àkójọ ọ̀rọ̀

Ibùdó àtagbà: ibi tí ẹ̀rọ ti ń gba ohùn tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ síwájú.
Kókó: ibùdó kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀n.
Ẹ̀wọ̀n: ìsopọ̀ ọlọ́nà kan.
Àwọ̀n ìgbì: ìsopọ̀ ọlọ́nà púpọ̀ tí ìgbì rédíò ń gbé.