ÀMÌ ÌRÁNTÍ TÍ Ó YÍ WA KÁ

Àmì ìrántí ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé lórí. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ wa a máa lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí sí ilé gogoro Bower tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ ní Ìbàdàn ní 1936. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣòwò ní Singer, àti àwa tí a ń ti Sabon Gari lọ sí ọ́fíìsì, a ń kọjá lára àmì tiwa lójoojúmọ́ láì wò ó.

Ẹ wo ìlú Kano fúnra rẹ̀. Odi amọ̀ tí ó yí i ká, èyí tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fọ́ wọlé ní 1903, ti wó ní ibi púpọ̀. Òjò jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn sì bu erùpẹ̀ rẹ̀ kọ́lé. Síbẹ̀, bí ẹ bá sọ Kofar Wambai tàbí Kofar Mata fún awakọ̀, kì yóò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Ibodè ni Kofar. Odi lọ, orúkọ kù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tiwa. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, kò sì pẹ́ tí ìjọba òyìnbó fi ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn àlejò tí iṣẹ́ àti òwò gbé wá. Orúkọ ilé wọn ṣì wà lára òpópó: Abeokuta Road, Yoruba Road, Ibo Road. Ní 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Íbò Sabon Gari. Àwọn tí ó kù sá lọ sí Ìlà-Oòrùn, àwọn mìíràn kò sì padà mọ́. Òpópó náà kò yí orúkọ padà.

Àbùkù orúkọ ni pé kì í ṣàlàyé ara rẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ ìránṣọ ni Singer, ṣùgbọ́n ìrẹsì, ṣúgà àti òróró ni àwọn ọmọ wa ń rí níbẹ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Àwọn ará Àgbádárìgì gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ igi Agia ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Nígbà tí igi náà wó ní 1959, ilẹ̀ òfìfo ni àlejò ìbá máa bá níbẹ̀, bí kì í bá ṣe àmì tí wọ́n gbé kalẹ̀, tí ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn òpópó wa ń dín kù. Nítorí náà, kí a tó pàdé ní kíláàsì, kí olúkúlùkù bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè: Ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ ilé tí a ń gbé? Ọdún wo ni àwọn òbí wa dé Kano, iṣẹ́ wo ni ó sì gbé wọn wá? Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ó wá sọ fún wa, a ó bá a kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ.