BI WỌ́N NÍGBÀ TÍ WỌ́N ṢÌ LÈ SỌ̀RỌ̀

KÀ: Gẹ́nẹ́sísì 47:27-31, 48:1-2
ÀKỌ́SÓRÍ: Gẹ́nẹ́sísì 47:29

Jákọ́bù kò dúró dìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ní orí 47, ó pe Jósẹ́fù, ó sọ ohun tó fẹ́, ó sì mú kí ó búra. Lẹ́yìn èyí, ní orí 48, ni wọ́n tó sọ fún Jósẹ́fù pé ara bàbá rẹ̀ kò yá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, màmá àgbà kan wà ní Ọ̀kà Àkókó tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń bá fínra. Ọmọ wọn obìnrin, tó ń tajà ní Ìkàrẹ́, ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn ní oúnjẹ àti oògùn. Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ yìí gbóná, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí màmá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, màmá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Aládùúgbò tó wà lọ́dọ̀ wọn kò mọ orúkọ oògùn wọn, kò sì mọ ibi tí káàdì ọsibítù wọn wà. Èkó ni àwọn ọmọkùnrin wọn wà, ìjọba àpapọ̀ sì ti fòfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni wọ́n tó ṣí i. Lórí fóònù, ọ̀kan ní ká gbé wọn lọ sí ọsibítù, èkejì ní ká má gbé wọn kúrò nílé. Èmi tí wọ́n pè láti gbàdúrà béèrè pé, "Kí ni Màmá fúnra wọn fẹ́?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Màmá sùn nínú Olúwa kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́. Títí di òní, àwọn ọmọ náà ṣì ń dá ara wọn lẹ́bi.

Tí o bá dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn kan á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Màmá á pẹ́ fún wa." Àmín! Ṣùgbọ́n ètò kì í pa ènìyàn. Ọlọ́run tó ní kí Hesekáyà ṣètò ilé rẹ̀ náà ló gbọ́ àdúrà rẹ̀, tó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20:1-6).

Olùfẹ́, lọ́sẹ̀ yìí, jókòó ti àwọn òbí rẹ:

1. Béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbẹnu sọ fún wọn bí wọn kò bá lè sọ̀rọ̀.
2. Béèrè irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́, èyí tí wọn kò fẹ́, àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á. Bí ọkàn wọn bá yí padà lọ́la, ẹ tún un kọ.
3. Kọ orúkọ oògùn wọn àti bí wọ́n ṣe ń lò ó sílẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ní ẹ̀dà rẹ̀.
4. Ẹ yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ bí ara ẹni tó ń tọ́jú wọn kò bá yá.

Ìwọ tó wà ní Èkó, owó tí o ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Pe arábìnrin rẹ tó wà nílé lónìí, kí o bi í bí ara òun náà ti rí.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní ọgbọ́n àti ìgboyà láti bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Fi okun fún gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.