Ẹ̀kọ́ 14: Bàbá wá mi dé Tchamba

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka ìtàn yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Kambolé ni à ń gbé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ní ọjọ́ kan, wọ́n rán mi lọ sí Tchamba kí n lọ gba owó iṣu lọ́wọ́ ìyá tí ó ń bá wa tà á. Owó ilé ìwé àbúrò mi ni.

Mo gba owó náà. Mo rí bọ́ọ̀lù pupa kan ní ọjà, mo rà á. Mo ra àkàrà. Mo ra ìpékeré. Mo pe àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí, a jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, owó ti tán.

Ẹ̀rù bà mí láti lọ sílé. Mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo purọ́ fún wọn pé a ti gba ìsinmi. Wọ́n wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí Kambolé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ní ìta. Bàbá mi ni! Eruku ọ̀nà bo gbogbo ara wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti..."

Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní, "Gun kẹ̀kẹ́, ká máa lọ. Ìyá rẹ ń bu oúnjẹ tìrẹ sílẹ̀ lálaalẹ́."

Àṣé wọ́n ti dárí jì mí kí n tó bẹ̀ wọ́n!

Ṣùgbọ́n owó kò padà wá. Bàbá mi ta kẹ̀kẹ́ náà kí àbúrò mi lè lọ sí ilé ìwé. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí oko. Wọn kò bá mi sọ ọ́ rí.

Jésù pa òwe kan tí ó jọ èyí. Ó wà nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 15. Ọmọ kan gba ogún rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó ná an tán ní ìlú òkèèrè. Ebi pa á débi pé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ń wù ú jẹ. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, bàbá rẹ̀ rí i láti òkèèrè. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í sáré lásán. Bàbá yìí sáré lọ dì mọ́ ọmọ rẹ̀.

Àwọn Kristẹni gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe ń gbà wá padà, àti pé Òun fúnra Rẹ̀ ni ó san gbèsè wa nígbà tí Jésù kú lórí àgbélébùú. Ní Sokodé àti Tchamba, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni jọ ń jókòó ní kíláàsì kan. Gbogbo yín ni ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí: àforíjì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mehmet Ali Ağca yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì. Póòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, láti ọsibítù, ó ní òun ti dárí ji ọkùnrin náà. Kò dúró de ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ní 1983, ó lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà kò jáde lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Póòpù mọ́. Ní 1985, Póòpù yìí wá sí Togo wa. Ó dé Lomé, Togoville àti Kara.

Ìbéèrè

1. Kí ni mo fi owó iṣu rà?
2. Ta ni ó san owó tí mo ná? Báwo ni ó ṣe san án?
3. Kí ni bàbá inú òwe Jésù ṣe kí ọmọ rẹ̀ tó délé?
4. Ẹ ya kẹ̀kẹ́ bàbá mi sínú ìwé yín.