Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ta Ṣénjà Bàbá Rẹ Fún Oníirin

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ṣénjà àtijọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé yín ní Emùrè-Ilé, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ tí kò dún mọ́, má jẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin kiri. Kò lè kọrin mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì lè bá ọ fọ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Rẹ́kọ́ọ̀dù tí bàbá mi fi sílẹ̀ tó ogójì, ti olórin Orlando Owoh ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ará Ifọ́n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Bí a bá pè é ní tiwa, a ò ṣì í pè. Ó kú ní 2008, àwọn tó sì ń jó sí orin rẹ̀ lágbàlá wa ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fọ̀ wọ́n, bí ẹni ń fọ abọ́ ni mo ṣe é. Mo po omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun, mo fi kànrìnkàn há ọ̀kan, mo sá a sóòrùn. Kí n tó ti oko dé, ó ti ká bí ewé kòkó gbígbẹ. Mo sunkún. N kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà.

Wò ó, poro ló kún ojú rẹ́kọ́ọ̀dù, tín-ín-rín bí irun. Inú poro yẹn ni abẹ́rẹ́ ń tọ̀, bí èèyàn ṣe ń tọ poro láàárín ebè. Eruku ọyẹ́ wa yìí ló ń dí i, ìdí nìyẹn tó fi ń ta pàrà-pàrà bí ẹ̀pà inú agbada. Bí o bá fi aṣọ nù ún lásán, òkè nìkan lo nù. Búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ tọ poro náà yípo, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ máa yí i fún ọ. Ní nǹkan bí 1969 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Keith Monks bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó ń fa omi ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ́kọ́ọ̀dù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iléeṣẹ́ rédíò BBC. Ọwọ́ la ó fi yí tiwa.

Kọ́kọ́ ní kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá, nítorí omi àti iná kì í bára gbé. Kí ó yọ apá tó ń gbé abẹ́rẹ́ náà, kí àwo irin rẹ̀ lè máa yí fàlàlà. Kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìdí rẹ̀. Má banú jẹ́ nítorí iná tí a yọ: púpọ̀ nínú ẹ̀rọ inú ṣénjà ni kò lágbára tó láti yí bí o bá tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ti ọwọ́ sàn jù, bí wọ́n tilẹ̀ mú iná lọ, iṣẹ́ rẹ ò dúró.

Fi ọ̀rá bo pákó rẹ̀. Ìwé àárín rẹ́kọ́ọ̀dù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí omi bá kàn án, orúkọ olórin lọ nìyẹn. Wá ìdérí ike tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, lẹ rọ́bà tíúbù mọ́ abẹ́ rẹ̀, lu ihò sí i láàárín, kí o sì fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ bò ó. Gé aṣọ rírọ̀ róbótó méjì fún orí àwo irin, ọ̀kan fún ojú àkọ́kọ́, èkejì fún ojú kejì, kí ojú tó ti mọ́ má bàa padà sórí ìdọ̀tí.

Má lo omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hóòlù, ó máa ń fi ẹfun sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ra omi distilled lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kán ẹ̀kán ọṣẹ olómi ìfọ-abọ́ méjì péré sí lítà kan. Fi búrọ́ọ̀ṣì irun ọmọ ọwọ́ tọ poro náà, má fà á gba òdìkejì. Yí i tó ìgbà mẹ́wàá, fi aṣọ òwú mímọ́ gbà á, fi omi distilled lásán ṣàn án, tún nù ún. Gbé e nàró síbi tí a ń to abọ́ sí, lábẹ́ òjìji.

Jọ̀wọ́, má fi spírítì kan àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó wúwo tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n, spírítì a sì máa yọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo fọ àkọ́kọ́ tó yọrí, aṣọ tí mo fi nù ún pọ́n bí ọ̀nà oko. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí ṣénjà aládùúgbò wa. Mo gbọ́ bí Orlando ṣe mí kanlẹ̀ kí ó tó gbé orin. Màmá tó ń bẹ iṣu gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sì pe oríkì bàbá mi jẹ́jẹ́.

Wá lọ́jọ́ Àìkú, kí o gbé ṣénjà yín dání. N ó fọ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ.