Àpótí Ìmọ̀: Òkè Wo La Ó Gùn Nígbà Ọlidé?

Ilẹ̀ Èjìgbò tẹ́jú; ẹni tó bá fẹ́ gun òkè nígbà ọlidé gígùn, àfi kó wọkọ̀. Àsìkò òjò sì ni ọlidé náà máa ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní òkè Himalaya: òjò ibẹ̀ ń rọ̀ láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Àwọn tó gbọ́n máa ń gba Ladakh, agbègbè kan ní Himalaya, lọ nígbà náà, nítorí òkè gíga ti dí òjò lọ́nà níbẹ̀.

Àwa ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àpáta Adó-Àwáyè, tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀, máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí òjò bá rọ̀. Ẹ fi í di ọ̀gbẹlẹ̀. Omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já wálẹ̀ ní ìpele méje, máa ń kún dáadáa lásìkò òjò, ó sì dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ìpele kìíní.