Àárín Ojú àti Ẹ̀gbẹ́ Ojú: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ìrẹsì Ọ̀fàdà

Ẹni tí ó bá ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà ń rí gbogbo atẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá tẹjú mọ́ nìkan ni òkúta ti ń yàtọ̀ sí hóró ìrẹsì. Ìyókù rí bàìbàì. Ìdí nìyí tí ojú fi gbọ́dọ̀ máa bá ìka rìn káàkiri atẹ.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, ojúkò kékeré kan wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ àwọ̀ àti ìrísí wínníwínní ṣù jọ sí. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ tán, ohun tí ojúkò yìí ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju bí èékánná àtàǹpàkò ti fẹ̀ tó lọ: bíi dígírì 2, nínú nǹkan bíi 200 tí ojú méjèèjì ń kó pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni ó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Òkùnkùn ni iṣẹ́ tiwọn ti dára jù. Abájọ tí ìràwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ fi ń sọnù bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, tí ó sì ń padà hàn bí ó bá yẹ ojú díẹ̀.

Èdè Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: “tẹjú mọ́” kì í ṣe “gán-án-ní”. Nínú kíláàsì, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni òkúta inú ìrẹsì. Ẹ̀gbẹ́ ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, pàápàá bí lẹ́tà bá fún mọ́ra. Olùkọ́ tí ó kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wínníwínní sí ojú pátákó, tí ó sì fi ìkánjú nù ún kúrò, kò tíì fún ojú akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti dé orí wọn.