Èènì àti Iye Owó Ọjà

Gbogbo wa la mọ èènì. Bí a bá ra gààrí ní ọjà Òwodé níhìn-ín ní Ọ̀fà, tí ìyá ọlọ́jà wọ̀n ọ́n tán, a óò ní, "Ìyá, ẹ fi èènì sí i o." Ìyá á bu díẹ̀ lé e, inú wa á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n á ti kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ kejì.

Lóde òní, à ń rajà lórí fóònù pẹ̀lú. Láti ọdún 2012 ni Jumia àti Konga ti ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Ọjà lè wà l'Ékòó, kí wọ́n gbé e wá bá wa ní Ọ̀fà. Èènì wà nínú irú òwò yìí náà. Ọlọ́jà mìíràn á fún wa ní pọ́ìntì tí a óò fi rajà lọ́jọ́ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà Target ní káàdì tirẹ̀. Ẹni tó bá fi rajà níbẹ̀, wọ́n á yọ dọ́là 5 kúrò nínú dọ́là 100 fún un.

Ìlérí kejì tún wà. Ọlọ́jà á ní, "Bí owó ọjà yìí bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, màá dá ohun tó fi lé padà fún yín." Target ń ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Èwo ló sàn nínú méjèèjì? Ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Ìṣírò kìíní

Ká ní aránṣọ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìsọ̀ kìíní ń tà á ní ₦200,000. Wọn kò gba owó ọkọ̀, wọ́n á sì fún un ní pọ́ìntì ₦10,000. Ìsọ̀ kejì ń tà á ní ₦185,000, kò sí èènì, owó ọkọ̀ dé Ọ̀fà sì jẹ́ ₦8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦193,000.

Bí aránṣọ wa yóò bá padà lọ ra òwú àti abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ kìíní, owó ẹ̀rọ rẹ̀ di ₦190,000. Ìsọ̀ kìíní ló sàn fún un. Bí kò bá ní padà lọ síbẹ̀ mọ́, ₦200,000 ló san. Pọ́ìntì kì í ṣe owó ọwọ́. Èènì tí a kò lò, èènì kọ́.

Ìṣírò kejì

Ká ní ó ra ẹ̀rọ náà ní ₦200,000, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ di ₦180,000 lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ọlọ́jà tó ṣe ìlérí á dá ₦20,000 padà. Èyí ju èènì ₦10,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí owó ọjà kò bá wálẹ̀, ìlérí náà kò mú kọ́bọ̀ wá.

Nítorí náà, ẹ wo ìgbà tí a wà. Ní oṣù Kọkànlá, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ orí fóònù máa ń dín owó ọjà kù. "Black Friday" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó rajà nígbà tí oṣù náà kù díẹ̀ lè rí èrè ìlérí yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà bá ń já wálẹ̀, owó ọjà òkèèrè á máa gòkè ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ṣíwọ́ dídi iye náírà mú. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìlérí pé owó lè wálẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwìn

Káàdì mìíràn, owó wa tó wà ní báńkì ló ń ná. Káàdì mìíràn, owó àyálò ni. Bí a kò bá san án pé nígbà tó yẹ, èlé á gorí rẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ ₦8,000 lóṣù, oṣù méjì á mú ₦16,000 lọ. Èènì ₦10,000 ti tán, a sì tún jẹ gbèsè lé e.

Ohun tí òfin sọ

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ sára ọjà lọ. Bí ó bá kọ iye méjì, èyí tó kéré la óò san. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o. Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká ya àwòrán iye tó wà lójú fóònù, ká sì tọ́jú rìsíìtì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí pọ́ìntì kì í fi í ṣe owó ọwọ́?
2. Ìgbà wo ni ìlérí lórí owó tó bá wálẹ̀ máa ń wúlò?
3. Ìsọ̀ kan ń ta fáànù ní ₦40,000 pẹ̀lú èènì ₦800. Ìsọ̀ kejì ń tà á ní ₦38,500 láìsí èènì. Owó ọkọ̀ wọn dọ́gba. Níbo ni ẹ óò ti rà á?